Ojú Ìyá Mi Nínú Mónítọ̀

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀: èmi kì í ṣe Ègùn. Ọmọ Kétu ni mí, Kétu tó bọ́ sábẹ́ Faransé nígbà tí àwọn òyìnbó ń fa ààlà sáàárín àwọn èèyàn tí kò bá wọn jà. Yorùbá ni ìyá mi ń sọ, òun náà ni mo fi kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Síbẹ̀, lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ la ẹnu ní Ṣómólú, gbogbo ilé ìtẹ̀wé ló bú sẹ́rìn-ín. Mo ní ẹ̀kíráàn tí wọ́n gbé síwájú mi kò dáa. Wọ́n ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Mo fọwọ́ kàn án. "Háà, mónítọ̀ ló ń sọ! Ègùn yìí á fẹ̀rín pa wá o." Inú bí mi débi pé mi ò jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Inú ti ń bí mi láti kékeré ṣá. Ìyá mi ní lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi, agbẹ̀bí ni mo kọ́kọ́ fojú bú kí n tó sunkún.

Lónìí, àwọn tó fi mí rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà ló ń wá mi kiri. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ra mónítọ̀ tí yóò fi máa tún àwòrán ṣe, láti Fádèyí títí dé Abúlé Òkúta, wọ́n á ní, "Ẹ lọ pe ọmọ Kétu yẹn wá, ojú ẹ̀ mú." Mo máa ń bá wọn lọ. Fúláàṣì kékeré kan ni mo máa ń mú dání, àwòrán kan ṣoṣo ló sì wà nínú ẹ̀. Wọn kì í bi mí pé àwòrán ta ni. Ó sàn bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ mi nílé ìtẹ̀wé Alhaji ni kí n máa fọ ojú òkú. Ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù. Inú kọ̀ǹpútà ni mo ti ń fọ̀ ọ́. Alhaji ni ọ̀gá wa, ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ó ti ń tẹ̀wé ní Ṣómólú láti ìgbà tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ to lẹ́tà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Pósítà ìsìnkú ni ọbẹ̀ ilé wa. Mọ̀lẹ́bí á mú àwòrán wá: òmíràn á ti ya láàárín, òmíràn á jẹ́ èyí tí wọ́n yà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, tí aláìsàn ń tiraka láti rẹ́rìn-ín. Èmi ni màá yọ bẹ́ẹ̀dì kúrò, màá fi aṣọ gidi wọ̀ ọ́, màá kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ti jìn, màá sì sọ ẹyinjú di funfun. Òfin kan ṣoṣo ni Alhaji kà fún mi nígbà tó gbà mí síṣẹ́.

"Gbọ́ o, ìwọ ọmọ Kétu. Kò sí òkú tí ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ́n nílé iṣẹ́ tèmi. Àìsàn tó pa á, ẹ jẹ́ kí wọ́n sin ín mọ́ ọn."

Mo mọ iṣẹ́ náà dunjú. Mónítọ̀ tí wọ́n fún mi ni mi ò mọ̀. Ó ti gbó ju iṣẹ́ lọ, gbogbo ohun tó bá gbé jáde ló máa ń pọ́n rúsúrúsú bí omi àgbo. Aṣọ funfun á pọ́n, eyín á pọ́n, ìwé funfun pàápàá á pọ́n. Mo bá ta ọgbọ́n sí i. Àwòrán tó bá ti dé iwájú mi, kí n tó wo ẹni tó wà nínú ẹ̀ rárá, màá ti fa àwọ̀ ìyeyè kúrò lára ẹ̀. Nígbà tó yá, ọwọ́ mi ń dá a ṣe láìbi mí. Mo rò pé mo ti gbọ́n ju mónítọ̀ lọ.

*

Ìlàjẹ ní Bàrígà ni mo ń gbé, nílé Ìyá Ẹbùn, obìnrin kan tó wá láti etíkun Oǹdó, tó ń yan ẹja tà. Ilé pákó ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, mi ò tí ì rí irú ẹ̀ rí: ọ̀sà wà lábẹ́ ibi tí mò ń sùn. Ní Kétu, àwa là ń wá omi kiri. Níbí, omi ló ń wá wa kiri. Nígbà tí òjò bá rọ̀, mo máa ń gbọ́ ọ tó ń kan pákó lábẹ́ mi kọ̀, kọ̀, kọ̀, bí ẹni tó ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ. Èéfín ẹja wọ aṣọ mi, ó wọ irun mi, ó wọ inú báàgì mi. Bí mo bá dé ibi iṣẹ́, wọ́n á máa fa imú. "Ègùn ti dé o, ó gbé ọbẹ̀ dání."

Ọjọ́ Àìkú ló burú jù. Ìyá Ẹbùn á wọ aṣọ funfun rẹ̀, á gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ láìwọ bàtà, èmi á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, màá máa wo ọ̀sà. Gbogbo ohun tí àwọn tó ń kọjá ń sọ ló ń yé mi, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tó mọ̀ mí. Bí ẹni tí kò gbọ́ èdè ìlú bá dá wà, wọ́n á ní àìgbédè ló fà á. Èmi tí mo gbédè ńkọ́, kí ni kí n ní ó fà á? Nígbà tí mo lọ sílé fún Kérésìmesì, àwọn ọmọ àdúgbò wa sáré jáde, wọ́n ní, "Ará Èkó dé!" Ní Èkó, Ègùn. Ní Kétu, ará Èkó. Ibi tí mo bá wà, orúkọ ibòmíràn ni wọ́n fi ń pè mí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú náà ni èmi àti ìyá mi máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

"Ìyá mi, ṣé ara yín le?"

"Ó le koko bí ọta. Ìwọ ńkọ́? Ṣé ilé tí ò ń gbé yẹn dáa?"

"Ó dáa gan-an, mà. Bíríkì ni wọ́n fi kọ́ ọ. Atẹ́gùn sì ń fẹ́ sí i."

Atẹ́gùn ń fẹ́ sí i lóòótọ́, ihò pákó ló ń gbà wọlé.

Nílé wa, òfin ni: a kì í fi ìròyìn àìsàn ránṣẹ́ sí ẹni tó wà lájò. Wọ́n ní bí ọkàn rẹ̀ bá dàrú lọ́hùn-ún, ta ni yóò bá a tù ú? Nígbà tí bàbá wa kú, ọjọ́ kẹta tí wọ́n sin ín ni wọ́n tó pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Gàbọ̀n. Mo wà níbẹ̀, mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dá a lóhùn látọjọ́ tí àìsàn ti bẹ̀rẹ̀: "Bàbá wà dáadáa, wọ́n lọ sóko." Mo mọ òfin náà bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Síbẹ̀, bí ìyá mi bá ní ara òun le, mo máa ń gbà á gbọ́, nítorí pé ó rọ̀ mí lọ́rùn láti gbà á gbọ́. Èmi tí mò ń kọ́ ilé bíríkì sórí ọ̀sà, ta ni mo fẹ́ bá wí?

*

Lẹ́yìn ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wọn ni Àbẹ̀kẹ́, àbúrò mi obìnrin tó ń gbé pẹ̀lú ìyá wa, fi àwòrán kan ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ìyá mi ló dúró níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ó we gèlè funfun, ó wọ léèsì búlúù tí mo rà fún un, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọwọ́ mi dilẹ̀ níbi iṣẹ́, mo gbé e sórí kọ̀ǹpútà kí n lè rí i dáadáa. Gbogbo ẹ̀ pọ́n, gèlè, eyín, ojú.

"Mónítọ̀ yìí tún ti gbé tiẹ̀ dé," mo wí, mo sì pòṣé.

Ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo fa ìyeyè kúrò. Mo fọ ẹyinjú méjèèjì títí wọ́n fi funfun. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti jìn díẹ̀, mo ní ọjọ́ orí ni, mo kún un. Ohun tí mò ń ṣe fún àwọn òkú Ṣómólú gẹ́lẹ́ ni mo ṣe fún ìyá mi tó wà láàyè, orin ni mo sì ń kọ lọ́wọ́ nígbà tí mò ń ṣe é. Ọlọ́run ló mọ ìdí tí ohùn mi kò fi há lọ́jọ́ náà.

Mo fi í ránṣẹ́ padà. Ìyá mi ò lè dúró de ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ náà gan-an ló pè mí.

"Ta lọmọge tí o fi ránṣẹ́ sí wa yìí?"

"Ẹ̀yin mà ni, Ìyá mi."

"Èmi nìyí?" "Ojú mi wá mọ́ báyìí?"

"Ó mọ́ kedere, mà."

"Ọlọ́run ṣeun. Ọmọ mi, o ṣé o. Ọkàn mi ti balẹ̀."

Mi ò bi í pé kí ló ti gbé ọkàn rẹ̀ sókè tẹ́lẹ̀. Wọ́n lọ tẹ àwòrán náà sórí ìwé, wọ́n gbé e kọ́ sí pálọ̀. Inú mi dùn débi pé mo ra ohun mímu fún gbogbo àwọn tó ń pè mí ní Ègùn níbi iṣẹ́. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí mo ṣe ní Èkó, òun ló kọ́kọ́ wọ ilé ìyá mi.

*

Mo fẹ́ fi yangàn fún Ìyá Ẹbùn náà. Òwúrọ̀ ni, àwọn apẹja ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀, ó ń ṣa ẹja. Bó ṣe ń ṣa á nìyí: á gbé e, á wo ojú ẹ̀, á jù ú sọ́tùn-ún tàbí sósì. Kì í gbọ́ òórùn ẹ̀, kì í tẹ̀ ẹ́ níkùn, ojú nìkan ló ń wò. Mo na fóònù sí i.

"Ẹ wo ìyá mi, mà. Èyí ni bó ṣe wá, èyí sì ni bí mo ṣe tún un ṣe."

Ó nu ọwọ́, ó gba fóònù. Kò fi bẹ́ẹ̀ wo èyí tí mo tún ṣe. Èyí tó kọ́kọ́ wá ló tẹjú mọ́, ó pẹ́ lórí ẹ̀.

"Ojú yìí ò dáa."

"Fóònù mi ló ti gbó, mà. Tibi iṣẹ́ pàápàá, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń pọ́n."

"Èmi ò mọ fóònù. Ojú ni mo mọ̀. Láti ọmọge ni mo ti ń wo ojú kí n tó nawó. Ẹja tí inú ẹ̀ ti bàjẹ́, ojú ẹ̀ ló kọ́kọ́ ń sọ ọ́."

"Ìyá mi kì í ṣe ẹja!"

Mo jágbe mọ́ ọn, mo jágbe mọ́ àgbàlagbà tó ń fún mi lóúnjẹ jẹ nígbà tí mi ò ní. Àwọn apẹja yíjú sí wa. Ìyá Ẹbùn dá fóònù padà fún mi pẹ̀lẹ́.

"Mo gbọ́. Má bínú. Ṣùgbọ́n pè wọ́n nílé."

Mo lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo pe Àbẹ̀kẹ́. Mo ní kí ló ń ṣe ojú Ìyá. Mo gbọ́ ohùn adìyẹ lẹ́yìn ẹ̀, mo gbọ́ pé ó ń rìn kúrò níbi tó wà.

"Èéfín ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ mọ̀ pé ìdí iná ni wọ́n máa ń wà látàárọ̀."

Òótọ́ ni, gàrí ni ìyá mi ń yan tà. Mo gbé ìdáhùn náà lọ bá Ìyá Ẹbùn bí ẹni tó jàre ẹjọ́. Ìdí èéfín ni mo bá a, ó ń yí ẹja. Kò yíjú sí mi títí mo fi sọ̀rọ̀ tán.

"Wo ojú tèmi," ó ní. Ojú rẹ̀ pupa bí ẹyìn. "Ọdún mélòó ni mo ti wà nídìí èéfín? Pupa ni èéfín ń sọ ojú dà. Kì í mú un pọ́n bí ìyeyè."

Mo kúrò níwájú ẹ̀. Fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀yìnkùlé ni mò ń gbà wọlé kí n má baà pàdé ẹ̀. Mo ní ṣe ni obìnrin yìí fẹ́ fi ẹnu àfọ̀ṣẹ ṣe ìyá mi. Kí n sọ òótọ́, mo gbọ́ ohun tó sọ. Mo gbọ́ ọ yékéyéké. Ẹni tí ò gbọ́ ọ̀rọ̀, kì í sá fún un.

*

Oṣù kan lé díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni opó kan wọlé tọ̀ wá wá láti Abúlé Òkúta. A ti bá a tẹ pósítà ọkọ rẹ̀. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì níwájú Alhaji, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ́ ẹ bí ẹni tó ń tẹ́ aṣọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ṣé inú omi lẹ ti fa ọkọ mi yọ ni?"

Ojú ọkùnrin náà ṣe bí eérú, ètè rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú bí aró. Lórí mónítọ̀ mi, èèyàn pípé ni. Ìgbà yẹn ni àṣírí tú pé bàbá àgbà tó ń darí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa tẹ́lẹ̀ ti ń bá mi fi íǹkì aláwọ̀ ìyeyè tún àṣìṣe mi ṣe látìgbà tí mo ti dé, láìsọ fún ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má baà lé mi. Bàbá náà sì ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ìyeyè tí mò ń fà kúrò lára àwọn òkú, inú mónítọ̀ ló wà, kò sí lára wọn.

Alhaji bẹ obìnrin náà títí, ó ní a máa tún un tẹ̀. Lẹ́yìn tó lọ, ó fa àga, ó jókòó tì mí. Mo rò pé ó fẹ́ bú mi.

"Mónítọ̀ yìí ti ń purọ́ fún ẹ tipẹ́, ìwọ náà sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń bá a purọ́. Lọ́la, lọ sí Fádèyí, lọ yan òmíràn. Àwọn tó ń tà á á ṣí àwòrán òdòdó fún ẹ, wọ́n á ṣí ayékòótọ́ fún ẹ. Má wò ó. Ayékòótọ́ tí o ò rí rí, báwo lo ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá bó ṣe rí nìyẹn? Ojú èèyàn ni kí o gbé lọ, ojú ẹni tí o mọ̀ bí o ṣe mọ ọbẹ̀ ilé yín. Kí o sì mú ìwé funfun kan dání, kí o máa fi wé e."

Bí àwọn àgbà oníṣẹ́ ìtẹ̀wé ṣe ń yan mónítọ̀ nìyẹn. Ojú ta ni mo sì mọ̀ ju ti ìyá mi lọ? Mo kó àwòrán ìkórè yẹn sínú fúláàṣì, èyí tó kọ́kọ́ wá, tí mi ò tíì fọ̀.

*

Ọ̀sán ni mo débẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù náà kọjú sí títì, mónítọ̀ tò sára ògiri láti òkè dé ìsàlẹ̀, ayékòótọ́ sì wà nínú gbogbo wọn lóòótọ́. Ọmọ Ìgbò ni ẹni tó ni ibẹ̀, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tára ẹ̀ yá.

"Madam, see as this one dey shine! Na the one everybody dey rush."

Mo ní kó ki fúláàṣì mi bọ̀ ọ́. Ìyá mi yọ sójú mónítọ̀, ó tàn yòò, ojú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun. Ọkàn mi balẹ̀ wẹ̀sì. Èmi tí mo ti ń sá fún Ìyá Ẹbùn, mo fẹ́ sáré lọ bá a nísinsìnyí pé ẹ wá wò ó, fóònù ló ń purọ́. Mo ti ń tọwọ́ bọ báàgì láti sanwó kí n tó rántí ìwé funfun tí Alhaji ní kí n mú dání. Mo gbé ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ gèlè ìyá mi. Gèlè náà ṣe búlúù, bí aṣọ funfun tí wọ́n da búlúù sí jù nígbà fífọ̀. Irọ́ ni mónítọ̀ yìí náà ń pa, irọ́ rẹ̀ kàn yàtọ̀ sí ti èyí tó wà níbi iṣẹ́ ni.

"Ti èkejì yẹn ńkọ́?"

"That one no too shine o. But na him photographers dey like."

Ó ki fúláàṣì bọ̀ ọ́. Mo gbé ìwé mi sí i. Gèlè àti ìwé, ọgbọọgba. Léèsì náà, léèsì tí mo fọwọ́ mi rà ni, mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, dúdú tó ń dán níbi tí oòrùn ti kàn án. Mo wá wo ojú rẹ̀.

Ìyeyè.

Gèlè funfun, ojú ìyeyè, nínú àwòrán kan náà, lábẹ́ oòrùn kan náà. Bó bá ṣe pé mónítọ̀ ló ń purọ́, gèlè ni ìbá kọ́kọ́ pọ́n. Mo ní kó ki í bọ òmíràn. Mo tún ní òmíràn. Mónítọ̀ mẹ́rin tí gèlè ti funfun nínú wọn, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló fẹnu kò lórí ojú ìyá mi. Mo tún padà sídìí ti àkọ́kọ́ tó ń tàn yòò yẹn, mo dúró níwájú ẹ̀. Ẹ̀mí kan ní kí n rà á, kí n gbé e lọ, kí ìyá mi wà ní àlàáfíà nínú ẹ̀. Mo dúró níbẹ̀ pẹ́.

"Madam, wetin happen? Na your mama be that?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bẹ̀rẹ̀ síwájú mónítọ̀, ó wò ó. Kò sọ̀rọ̀ ọjà mọ́.

"Make dem carry am go hospital," ó ní. Ó gbé àga wá fún mi.

*

Orí àga yẹn ni mo wà tí mo fi pe Àbẹ̀kẹ́. Mi ò kí i.

"Má sọ èéfín fún mi. Mo ti rí i. Kí ló ń ṣe Ìyá?"

Ó bú sẹ́kún. Ó ní wọ́n ní kí òun má sọ fún mi. Ó ní ìtọ̀ wọn ti ń pọ́n láti ìgbà òjò, wọn kì í jẹun tán mọ́, egbò igi ni wọ́n ń mu.

"Ọsibítù ńkọ́? Ẹ ò gbé wọn lọ?"

"Wọ́n ti gbà láti lọ, ẹ̀gbọ́n mi. Àárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ lọ ni àwòrán tí ẹ tún ṣe yẹn wọlé. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n wò ó, wọ́n ní, 'Ẹ wò ó, ojú mi ti mọ́. Àgbo yẹn ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ mi tó wà ní Èkó, iṣẹ́ rẹ̀ ni àwòrán, kò lè purọ́ fún mi.' Wọ́n ní kí n gbé báàgì padà sínú yàrá."

Gbogbo ọkọ̀ tó ń kọjá lójú títì, mi ò gbọ́ ariwo wọn mọ́.

Mo ra mónítọ̀ kejì yẹn, mo gbé e fún Alhaji, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní kí n máa lọ sílé kíá. Ní Ìlàjẹ, mo kúnlẹ̀ fún Ìyá Ẹbùn lórí pákó. Kò ní, "Ṣebí mo sọ fún ẹ." Ẹja yíyan tó dáa jù ló dì fún mi, ó fi ìwé wé e lẹ́ẹ̀mejì.

"Bá mi kí wọn. Bí wọn ò bá lè jẹ ẹ́, kí wọ́n mu omi ẹ̀."

*

Mo bá a láàyè, Àbẹ̀kẹ́ ti gbé e dé ọsibítù. Dókítà fi Faransé ṣàlàyé pé ẹ̀dọ̀ ni, pé bó bá jẹ́ pé a tètè wá ni. Èdè mẹ́ta ni mo gbọ́, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ọ̀rọ̀ náà fi dùn ún gbọ́. Ìyá mi ti rù, ṣùgbọ́n ó yíjú sí mi nígbà tí mo wọlé. Àwọ̀ tí mo rí ní Fádèyí náà ni, kò fi nǹkan kan yàtọ̀.

"Ìyá mi, èmi ni mo fọ ojú yín. Èmi ni mo ṣe é."

"Má sunkún. Èmi ni mo ní kí wọ́n má sọ fún ẹ." Ó sinmi díẹ̀. "O sì fọ̀ ọ́ dáadáa. Èyí tí o fọ̀ yẹn ni kí ẹ lò."

"Kí a lò ó fún kí ni?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ìwọ tó jẹ́ pé iṣẹ́ ẹ ni, o tún ń bi mí."

Ọjọ́ kọkànlá tí mo dé ló dákẹ́. Àwọn èèyàn ń wá kí wa, wọ́n ń sọ ohun tí wọ́n máa ń sọ, pé àìsàn ló ṣeé wò, a kì í wo ikú. Mò ń dá wọn lóhùn, mò ń dúpẹ́. Mi ò lè sọ fún wọn pé àìsàn náà gan-an ni mi ò jẹ́ kí wọ́n wò.

Mo padà sí Ṣómólú láti lọ tẹ pósítà rẹ̀. Alhaji ní kí ẹlòmíràn bá mi ṣe é, mo ní rárá. Mo jókòó sídìí mónítọ̀ tuntun náà, mo ṣí èyí tí mo ti fọ̀, èyí tí òun fúnra rẹ̀ yàn. Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan lára ẹ̀, mo kàn kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Ó jáde dáadáa lórí ẹ̀rọ, kò ṣe bí eérú, kò ṣe búlúù: ìyeyè tí mo fà kúrò lójú tirẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Nígbà ìsìnkú, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ògiri àdúgbò wa, àwọn obìnrin dúró níwájú ẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ wo bí ojú rẹ̀ ṣe mọ́ rekete. Àìsàn yẹn ò fìyà jẹ ẹ́ rárá."

Mo ṣì ń gbé Ìlàjẹ. Ègùn ni wọ́n ṣì ń pè mí, mi ò bá wọn jà mọ́. Bí wọ́n bá pè mí kí n wá yan mónítọ̀, mo máa ń lọ. Mo máa ń ki fúláàṣì mi bọ̀ ọ́, màá ṣí àwòrán tí mi ò fọ̀ yẹn, màá gbé ìwé funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ gèlè. Nígbà míràn, mónítọ̀ náà á tàn yòò, ẹni tó fẹ́ rà á á ti máa yọ̀, ojú ìyá mi á sì funfun nínú ẹ̀ bí ti ọmọge. Màá wò ó díẹ̀. Lẹ́yìn náà, màá yọ fúláàṣì mi, màá ní, "Ẹ má rà á."